Káàdì Tó Dára Tí macOS Kò Mọ̀: Yíyan Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà ní Bantè àti Savalou

Nígbà tí owó kajú bá wọlé tán ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Bantè àti Savalou máa ń ra ohun tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà fún láti ọdún tó kọjá. Ẹlòmíràn ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra páànù sórí ilé. A mọ àwọn kan láàárín wọn tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wá: àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, àti àwọn tó ń gba orin sílẹ̀. Nítorí pé tuntun wọ́n, wọ́n ń ra ẹ̀yà àlòkù ní Cotonou, wọ́n sì ń tò ó fúnra wọn nílé.

Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti gé fídíò ọdún iṣu Savalou, èyí tí à ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, a dáwó jọ, a sì ra carte graphique kan tó ń jẹ́ GTX 1060. A fẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà máa lo macOS, ètò ìṣiṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Apple ṣe fún ẹ̀rọ tirẹ̀, nítorí pé kò sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí Final Cut Pro ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí a tan án, àwòrán hàn, inú wa dùn. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́: gbogbo nǹkan ń wọ́ bí ìgbín, fídíò kò sì ṣeé wò. Ẹni tó tà á kò gbà á padà. Kò jẹ̀bi, ohun tí a béèrè ló tà fún wa.

Pilote, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí macOS gbọ́ èdè káàdì náà, parí sí High Sierra ti ọdún 2017. Láti Mojave ti ọdún 2018, kò sí i mọ́. Owó pọ́ọ́kú ló yan ẹ̀yà fún wa, lẹ́yìn náà ni a wá ń bi macOS bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Ọdún 2006 ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi processeur Intel sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí ló sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí a tò nílé lè jọ tirẹ̀. Láti 2020 ó ti ń ṣe tirẹ̀, ó sì kéde ní oṣù kẹfà ọdún 2025 pé Tahoe ni macOS ìkẹyìn tí yóò gba Intel. Ọ̀nà náà ń tì. Ìwé àdéhùn Apple pàápàá kò gbà kí a fi macOS sórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, ara rẹ̀ ni yóò ké sí nígbà tó bá bàjẹ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan: ǹjẹ́ Apple lo irú rẹ rí? Processeur Intel Core láti ìran kẹrin dé ìkẹwàá dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àtijọ́ kì í gba macOS tuntun. Àwòrán inú ti ìran kọkànlá kò bá a mu; èyí tí lẹ́tà F sì parí orúkọ rẹ̀ kò ní àwòrán inú rárá. Ní ti carte graphique, AMD RX 570 àti RX 580 ni a lè fọwọ́ sọ̀yà.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún carte mère, pákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́. Processeur ìran kẹfà àti ìkeje ń jókòó sórí ojú tí wọ́n ń pè ní 1151. Ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án náà, 1151 ni. Yóò wọlé rẹ́gí, síbẹ̀ kò ní tan. Mémoire DDR3 àti DDR4 kì í tan ènìyàn jẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀kan kò lè wọ ihò èkejì.

Bloc d'alimentation ni àwọn ènìyàn ń fojú kéré jù. RX 580 nìkan lè fa nǹkan bí 185 wáàtì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù ní bloc tí kò tó 300. Bí owó kò bá ká méjèèjì, ní tiwa, ẹ fi carte graphique sílẹ̀ ná, kí ẹ ra bloc tó dára àti régulateur. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò mọ iye tí ẹ ra nǹkan.

Ìrìn Cotonou lé ní 200 kìlómítà, nítorí náà ẹ fi Linux sínú clé USB kan kí ẹ tó lọ. Ẹ bẹ ọlọ́jà kí ó jẹ́ kí ẹ tan ẹ̀rọ láti orí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ lspci -nn. Nọ́ńbà méjì yóò hàn fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan: èkíní ń sọ ẹni tó ṣe é, 8086 fún Intel, 1002 fún AMD, 10de fún Nvidia, èkejì ń sọ ẹ̀yà náà gan-an. RX 580 gidi sábà máa ń jẹ́ 1002:67df. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2048SP sábà máa ń jẹ́ 1002:6fdf, kò sì lágbára tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé RX 580 ló wà lára páálí méjèèjì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tí kò bá nílò Final Cut, kí ló ń wá lọ? Microsoft pa Windows 10 tì ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń kọ ọ̀pọ̀ processeur tó ṣáájú ìran kẹjọ. Linux kò kọ wọ́n. Ní BloLab ní Cotonou, wọ́n ti to ẹ̀yà àlòkù sínú bidon oní-lítà 20, wọ́n sì sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jerry, tó ń lo Linux. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

GTX 1060 wa kò lọ sí ààtàn. A fi Linux sórí ẹ̀rọ náà, a fi pilote Nvidia sí i, a sì fi Kdenlive gé fídíò ọdún iṣu náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.