Ẹni tó mú káàdì ìbejì ńlá nídìí póókà: kí ló yẹ kó ṣe kí wọ́n tó ṣí káàdì àárín?

Ẹ fojú inú wo ọ̀rẹ́ mẹ́fà tí wọ́n jókòó yí tábìlì ilé ìdáná ká lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní ìlú kan ní Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kálukú wọn ti kó 50 dọ́là síwájú. Wọ́n pín káàdì méjì-méjì, ẹni mẹ́ta san 50 sẹ́ǹtì láti wọlé, ó wá kan ẹnì kẹrin. Ó yọjú wo káàdì tirẹ̀, éèsì méjì ló bá níbẹ̀. Kò sí káàdì méjì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú eré náà. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura, ó ní òun fẹ́ dẹ pańpẹ́ sílẹ̀. Òun náà san 50 sẹ́ǹtì péré, àwọn méjì tó kù náà sì wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣí káàdì àárín, méje kan àti mẹ́rin kan wà nínú wọn. Ẹni tó mú méje àti mẹ́rin lọ́wọ́ ló kó owó náà lọ, tòun ti èyí tó pọ̀ jù nínú 50 dọ́là éèsì. Ni baba éèsì bá ń bínú sí ẹni tó pín káàdì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó pín káàdì kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá.

Texas Hold’em ni wọ́n ń pe irú póókà yìí. Lọ́dún 2007, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas kéde pé ìlú Robstown ní ìpínlẹ̀ náà ni orírun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ó gbòde kan ní ilé onílé ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2003, nígbà tí oníṣirò owó kan láti Tennessee, Chris Moneymaker, gba mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là nínú ìdíje ńlá World Series of Poker ní Las Vegas. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti fi owó tí kò tó 100 dọ́là gba ààyè ìdíje náà. Ẹni tí kò ta káàdì rí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra páálí káàdì nígbà náà. Òfin ìwà ọ̀daràn Texas sì fi àyè sílẹ̀ fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ pé ibi àdáni ni, tí ewu àti pàdánù àti èrè sì dọ́gba fún gbogbo ènìyàn, tí kò sí ẹni tó ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀ ju owó tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ lọ. Onílé tó bá ń yọ owó iná àti owó àga nínú owó tábìlì ti kúrò lábẹ́ ààbò yẹn.

Ẹni tó mọ Whot yóò tètè lóye ìlànà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì 52 tó ní ọba, ayaba àti jáàkì ni wọ́n ń lò. Ẹni méjì yóò kọ́kọ́ fi owó ìṣíde sílẹ̀ tipátipá, ká ní 25 sẹ́ǹtì àti 50 sẹ́ǹtì. Olúkúlùkù yóò gba káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Bó bá kan ènìyàn, ó lè san iye tó wà nílẹ̀, ó lè fowó lé e, ó sì lè ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣí káàdì mẹ́ta pọ̀ láàárín tábìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní ‘flop’, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn náà ẹ̀karùn-ún, tí wọ́n á sì tún máa dá owó lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi márùn-ún tó dára jù jáde nínú méje ló jẹ.

Káàdì méjì tó jọra bí ìbejì ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 221 ni éèsì méjì máa ń bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn, bákan náà ni ọba méjì, ayaba méjì àti jáàkì méjì. Bí a bá pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó di bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 55. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí bá pín káàdì nígbà 25 láàárín wákàtí kan, tí wọ́n sì jókòó fún wákàtí márùn-ún, bí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò rí ìbejì ńlá. Ẹni tó bá fi ẹ̀ẹ̀mejì náà ṣòfò ti fi gbogbo alẹ́ ṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo nìyí. Bí éèsì méjì bá dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo tó mú káàdì èyíkéyìí, tí wọ́n sì ṣí gbogbo káàdì dé òpin, éèsì yóò jẹ nígbà 85 nínú 100. Bí alátakò bá di méjì, ó bọ́ sí 73. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ó di 64, mẹ́rin 56. Bí gbogbo àwọn márààrún yòókù bá wọlé bíi ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, 49 ló kù. Káàdì tó lágbára jù lọ ti di ohun tó ń pàdánù ju bó ṣe ń jẹ lọ, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe é lóògùn. Olówó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn.

Ẹni tó mọ ìṣirò lè jiyàn pé 49 nínú 100 kò burú fún ẹni tó san ìdá kan nínú mẹ́fà owó náà. Òótọ́ ni, bí ọ̀rọ̀ owó bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò parí. Ìpele mẹ́ta ló ṣì kù tí wọn yóò ti dá owó. Ẹ wo ẹni tó mú méje méjì. Bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni méje kẹta máa ń bá flop jáde. Bó bá jáde, éèsì méjì ti wọ gàù, olówó rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Bí 50 sẹ́ǹtì ni ẹni náà fi wọlé, ó ń fi í wá 50 dọ́là, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ dọ́là márùn-ún ni wọ́n ní kó san, ìlọ́po mẹ́wàá péré ló ń wá, kò sì dájú pé ẹni tó ni éèsì yóò san gbogbo rẹ̀ tán. Owó ìwọlé náà ti wá wọ́n jù fún un.

Nítorí náà, kí ẹni tó mú ìbejì ńlá fowó lé e ni, kò gbọdọ̀ yọ́ wọlé. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá ń lò ni ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin owó ìṣíde ńlá, kí wọ́n tún fi ìṣíde kan kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti san ṣáájú. Níwájú ẹni mẹ́ta tó san 50 sẹ́ǹtì, ìyẹn jẹ́ bíi dọ́là mẹ́ta ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kò jọ ilé tẹ́tẹ́. Nídìí tábìlì ọ̀rẹ́, tí ọtí àti ẹran díndín wà, àwọn ènìyàn wá ṣeré ni, wọn kò wá láti máa ju káàdì sílẹ̀. Bí dọ́là mẹ́ta ààbọ̀ kò bá lé ẹnikẹ́ni, kí ó di mẹ́rin tàbí márùn-ún, títí yóò fi ku ẹnì kan tàbí méjì. Àwọn kan sì wà tí ìbẹ̀rù á mú kí wọ́n ti gbogbo 50 dọ́là síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo tábìlì á sá, wọ́n á wá kó owó táṣẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀. Ìyẹn náà, ìfiṣòfò ni. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé éèsì méjì nìkan ló ń mú un fowó lé e, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n kí oṣù tó parí. Iye kan náà ló yẹ kó máa dá nígbà tó bá mú éèsì pẹ̀lú ọba.

Bí ẹlòmíràn bá ti fowó lé e ṣáájú, kí ẹni tó mú éèsì méjì tàbí ọba méjì tún lé e sí i ní bí ìlọ́po mẹ́ta. Ìbẹ̀rù pé éèsì lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn máa ń da ẹni tó mú ọba láàmú, bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì ẹni mẹ́fà, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ogójì ló ń ṣẹlẹ̀.

Jáàkì méjì ló ń ba tàwọn ọ̀pọ̀ jẹ́. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n nínú 100 flop, bíi 57 ni yóò gbé ayaba, ọba tàbí éèsì kan jáde. Ti ayaba méjì jẹ́ bíi 41, ti ọba méjì sì jẹ́ bíi 23. Kí olówó jáàkì fowó lé e kí flop tó dé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì bá tún lé e padà, tí ẹlòmíràn sì tún gorí rẹ̀, kò sí ìtìjú nínú kí ó jù wọ́n sílẹ̀. Dọ́là mẹ́rin ló lọ, 46 ṣì kù.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn wá fi dọ́là mẹ́rin lé e. Ẹni tó mú méje àti mẹ́rin yóò kùn díẹ̀, yóò ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀, yóò dìde lọ wá ọtí tútù mìíràn. Ẹni méjì yóò san, owó bíi dọ́là 13 yóò wà láàárín tábìlì, éèsì yóò sì máa retí láti jẹ ẹ́ nígbà 73 nínú 100. Nínú 27 tó kù, yóò pàdánù bákan náà, á sì tún bínú.