Kí ni fíìmù Punch-Drunk Love ń sọ gan-an? Ìtìjú ló so Barry mọ́lẹ̀, kì í ṣe ìbínú nìkan

Tí ẹ bá gbọ́ orúkọ Adam Sandler, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lẹ́nu. Ní 1996, nínú Happy Gilmore, ó ṣe ọkùnrin oníbìínú kan tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tó ń bú èèyàn, tó ń bá èèyàn jà, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ní 2002, olùdarí fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà kan, Paul Thomas Anderson, gbé Sandler yìí kan náà, pẹ̀lú ìbínú yẹn kan náà, sínú Punch-Drunk Love. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè wà nídìí ẹ̀: ọkùnrin tó ń bínú báyìí, kí ló ń ṣe é?

Fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n pè é, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, àyà mi ló ń já. Mo tiẹ̀ rò pé sípíkà tẹlifíṣọ̀n mi ló bàjẹ́. Ìgbà tí mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó mọ̀ pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wò ó, ẹ má bínú o, màá sọ ibi tó parí sí.

Ta ni Barry Egan?

Barry ń gbé ní San Fernando Valley, lápá Los Angeles. Ó ní iṣẹ́ kékeré kan, ó ń ta ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń ṣí tọ́lẹ́ẹ̀tì tó bá dí. Ó ra kóòtù àti ṣòkòtò búlúù kan, ó ń wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, kò lè ṣàlàyé. Obìnrin méje ni àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, òun nìkan ni ọkùnrin. Wọ́n máa ń pè é níbi iṣẹ́.

Nígbà tó dé ibi àpèjẹ wọn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń sọ: bí wọ́n ṣe máa ń pè é ní orúkọ burúkú nígbà tó wà lọ́mọdé, títí tó fi ju òòlù lu ilẹ̀kùn onígíláàsì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Barry náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó fọ́ àwọn ilẹ̀kùn onígíláàsì tó wà nínú ilé náà. Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání. Barry fa ọkọ ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sọ fún un pé ìgbà míì wà tí òun kì í fẹ́ràn ara òun, àti pé òun máa ń sunkún láìnídìí. Ó ní ṣé ó lè ran òun lọ́wọ́, torí dókítà ni. Ọkùnrin yẹn ní dókítà eyín lòun. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Barry bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fáwọn obìnrin yẹn. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi dé ibi iṣẹ́ ẹ̀, tó ń bi í lójú àlejò nípa ìrànlọ́wọ́ tó wá. Barry ní irọ́ ni.

Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà sì tú jáde.

Ìpè òru tó di wàhálà

Lóru ọjọ́ àpèjẹ yẹn, ìdáwà mú Barry, ló bá pe nọ́ńbà kan tí wọ́n ti máa ń sanwó kí obìnrin lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ lórí fóònù. Ó fún wọn ní nọ́ńbà káàdì báǹkì ẹ̀, ó fún wọn ní àdírẹ́sì ilé ẹ̀. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, obìnrin náà ti pè padà, ó ń béèrè owó ilé. Barry ní òun ò ní. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, tí wọ́n sì rán àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ìpínlẹ̀ Utah wá bá a. Ọ̀gá wọn, tí Philip Seymour Hoffman ṣe, ń ta mátírẹ́ẹ̀sì ní ìlú Provo. Ọlọ́jà gidi ni lójú ayé.

Fíìmù yìí ti lé lógún ọdún, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù lóde òní mọ oríṣi rẹ̀. Ẹnì kan á kí yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ á dùn, ẹ ó bọ́ra lórí fídíò, wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á fi han ìyá yín. Ìtìjú yín ni irú wọn ń tà, ẹ̀yin náà sì ni wọ́n ń tà á fún. Ẹni tí kò lẹ́ni tó lè sọ fún ló máa ń rà á jù.

Kí ló dé tí àyà wa fi ń já?

Jon Brion ló ṣe orin inú fíìmù náà. Níbi iṣẹ́ Barry, nígbà tí fóònù ń dún, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, tí arábìnrin ẹ̀ ń da ìbéèrè bò ó, ìlù àti ariwo orin náà kì í jẹ́ ká gbọ́ra wa. Ohun tí Barry ń gbọ́ lórí ara ẹ̀ ni Brion gbé sí wa létí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, láàárọ̀ kùtù tí gbogbo ibi dákẹ́, mọ́tò kan ṣàdédé takìtì lójú títì, òmíràn sì gbé dùùrù kékeré kan sílẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀. Barry gbé dùùrù náà wọlé. Ìgbà tí ara ẹ̀ ò bá balẹ̀, ó máa ń lọ tẹ̀ ẹ́.

Pudding yẹn ńkọ́?

Ibi tó dà bí irọ́ jù yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní 1999, ẹnjiníà kan ní California ṣàkíyèsí pé iléeṣẹ́ oúnjẹ kan ń fún àwọn oníbàárà ní máìlì tí wọ́n lè fi wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé pudding inú ike kékeré ló pọ́ọ́kú jù nínú ọjà wọn. Ó ra èyí tó lé ní 12,000, máìlì tó sì rí gbà lé ní mílíọ̀nù kan. Anderson gbé ọgbọ́n yẹn fún Barry. Ọkùnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò ń kó pudding jọ kó lè fò lọ, láìtíì mọ ibi tó ń lọ.

Ṣé ìfẹ́ ló wò ó sàn?

Lena, tí Emily Watson ṣe, rí fọ́tò Barry, ó sì dọ́gbọ́n gbé mọ́tò wá sítòsí ibi iṣẹ́ ẹ̀ kó lè rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n jọ jáde lọ jẹun, Lena mẹ́nu ba ìtàn òòlù yẹn, Barry sì lọ fọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì ilé oúnjẹ náà túútúú. Wọ́n lé wọn síta. Síbẹ̀ Lena ò sá.

Mo mọ ohun tí àwọn ọmọbìnrin máa sọ níbí, òótọ́ sì ni: ẹni tó ń fọ́ nǹkan lónìí, kí ló máa fọ́ lọ́la? Mi ò ní gba ọmọ ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ fi ìfẹ́ wo irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sàn. Fíìmù náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Utah fi mọ́tò gbá mọ́tò wọn tí Lena farapa, Barry lù wọ́n, ó gbé Lena dé ọsibítù, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá wọn ní Provo. Èèyàn lè rò pé ibẹ̀ ni òpin, torí ibẹ̀ ló ti ṣe ọkùnrin.

Lójú tèmi, òpin wà lẹ́nu ọ̀nà Lena. Barry padà wá, ó tọrọ àforíjì pé òun fi í sílẹ̀ ní ọsibítù. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn fún un, gbogbo ẹ̀, láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí máìlì pudding lè jáde, kí òun lè máa bá a fò lọ síbi tó bá ń lọ. Lẹ́yìn tó ti sọ ọ́, kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè fi halẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Anderson gba àmì ẹ̀yẹ olùdarí tó dára jù ní Cannes lọ́dún náà, òun àti Im Kwon-taek ti South Korea ni wọ́n jọ gbà á. Kò pawó rẹpẹtẹ nílé sinimá. Fíìmù kúkúrú ni, kò tó wákàtí méjì.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ rántí pé ìrànlọ́wọ́ tí Barry kọ́kọ́ wá, a ò rí i kó gbà á títí fíìmù fi parí. Ó rí ìfẹ́, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n dókítà ló béèrè. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóde ijó lọ́jọ́ kan, tó ní òun ń sunkún tóun ò mọ ìdí ẹ̀, kó dà bó ṣe eyín lẹ ń tọ́jú, ẹ wá ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ fún un. Ẹ má sì lọ sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀.