Eruku Tó Ń Bá Wa Sùn
Bí ọmọ bá ń sín láràárọ̀ ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀, àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté là ń dá lẹ́bi. Èéfín dísẹ́ẹ̀lì wọn ń ba èémí jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń sín kó tó dìde, ibùsùn rẹ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò. Inú fóòmù àti ìrọ̀rí ni kòkòrò kan ń gbé, tí kò gùn tó ìdajì mìlímítà. Kì í gé ènìyàn jẹ bí ìdun. Èépá awọ tó ń bọ́ lára wa ló ń jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ tí a ń fà símú ló ń ru ásímà sókè lára àwọn tí ara wọn kò gbà á. Reindert Voorhorst àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leiden, nílẹ̀ Netherlands, ló fi hàn láàárín ọdún 1960 sí 1969 pé kòkòrò yìí ló ń jẹ́ kí eruku ilé máa bá àwọn kan lára jà.

Kòkòrò yìí kì í mu omi. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń fà sára. Ilẹ̀ àbàtà Ajégúnlẹ̀, pẹ̀lú yàrá olójú fèrèsé kan tí ènìyàn púpọ̀ ń sùn sí, tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgbálẹ̀ nìkan kò lè lé e lọ. Ńṣe ló tún ń gbé eruku dìde. Àkísà tútù sàn jù ú lọ. Ẹnìkan lè ní òun kò lówó ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kò pọn dandan: omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 60 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ń pa kòkòrò náà. Ẹ fi fọ aṣọ ibùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá tó dì dáadáa bo fóòmù, kí ẹ sì ṣí fèrèsé nígbà tí títì bá dákẹ́. Oògùn ásímà tí dókítà kọ, ẹ má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró.