Ṣé Ẹni Tó Ń Gba Owó Ìjọba Lè Ra Ilé?

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ìbéèrè kan náà ti ń dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé wa. Àwọn kan bi í ní ìpàdé, àwọn kan tẹ̀ ẹ́ láago, ìyá kan tilẹ̀ dá a dúró ní Peckham níbi tó ti ń ra iṣu: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹni tó ń gba owó ìjọba lè ra ilé ní ìlú òyìnbó yìí, àbí wọn óò mú mi?" A wá rò ó pé kò yẹ kí á máa dá ènìyàn kọ̀ọ̀kan lóhùn ní kọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sínú ìwé wa ti oṣù yìí. Òfin Ẹ́ńgílándì ni à ń sọ o. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Scotland tàbí Wales, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, nítorí tiwọn yàtọ̀ níbi mélòó kan.

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: bẹ́ẹ̀ ni, ó lè rà á. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́ má ra ilé. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni bí a ṣe ń kó owó ilé náà jọ, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bá ti bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ pín owó ìjọba sí ọ̀nà méjì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Àwọn kan wà tí ìjọba kì í béèrè iye tí ẹ fi pamọ́ kí wọ́n tó san án: Child Benefit ti àwọn ọmọ, PIP ti àìlera, àti Attendance Allowance ti àwọn àgbà. Bí ẹ ní £50,000 ní báńkì, ẹ óò ṣì máa gba ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n Universal Credit, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 tó sì gbé àwọn owó àtijọ́ bí i mẹ́fà mì, àpò yín ló ń wò. Bí owó ìpamọ́ yín kò bá ju £6,000 lọ, kò kàn wọ́n. Láti ibẹ̀ lọ dé £16,000, gbogbo £250 tó bá lé, àti ìdá kan nínú £250 pẹ̀lú, wọ́n kà á bí ẹni pé ó ń mú £4.35 wọlé fún yín lóṣooṣù, wọn a sì yọ ọ́ kúrò nínú owó yín. Ẹni tó ní £10,000, wọn óò yọ £69.60 lóṣù. Ẹni tó bá kọjá £16,000, àní kí ó fi pọ́n-ùn kan kọjá, kò ní rí Universal Credit gbà rárá. Bí ẹ bá sì jẹ́ tọkọtaya, owó ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n ń dà pọ̀ kà. Ti Pension Credit rọ̀ díẹ̀: £10,000 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò sì sí òkè tí wọ́n ti ń dá a dúró pátápátá.

Ẹ wo ohun tó ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí á sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè gbọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọ́fíìsì láàárọ̀, ó ń ta ẹja gbígbẹ àti ata lọ́jọ́ Sátidé, Universal Credit sì ń fi kún un. Ó fẹ́ ra fúláàtì káńsù tó ti ń gbé láti ọdún 14. Ó ní £7,400 lọ́dọ̀ wa, £3,100 ní báńkì, nígbà tó sì kó àjọ, £6,000 bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: £16,500. Obìnrin yìí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí lójú tirẹ̀ owó ilé ni, kì í ṣe owó fàájì. Oṣù márùn-ún kọjá kí wọ́n tó bi í léèrè. Wọ́n ní kí ó dá gbogbo ohun tó gbà láàárín oṣù márùn-ún náà padà. £500 péré ló fi kọjá, ohun tó dá padà sì ju £2,000 lọ.

Kí ni ì bá ti ṣe? Ì bá kọ ọ́ sínú journal rẹ̀ lọ́jọ́ tí àjọ náà dé. Wọn ì bá dá owó rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì bá ti wọ gbèsè. Bó bá sì jẹ gbèsè tẹ́lẹ̀, ó lè fi lára owó náà san án. Òfin kò ka ẹni tó san gbèsè tó jẹ ní tòótọ́ sí ẹni tó ń sá pa owó mọ́.

Owó tí ẹ fi sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa yìí, owó yín ni, wọ́n sì ń kà á. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé "ti kóópù kò kàn wọ́n." Ó kàn wọ́n. Àjọ náà kàn wọ́n. Owó tí ẹ fi sí orúkọ ọmọ yín tàbí àbúrò yín kí ojú má baà tó o, òun gan-an ló léwu jù, nítorí wọ́n lè sọ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fà á sẹ́yìn, kí wọ́n sì kà á mọ́ yín lọ́rùn bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ilé tí a kọ́ sílé wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tiwa nìyí, a kò sì ní fi bọpo bọyọ̀. Ilé tí ẹ ní ní Ìkòròdú, ní Mowé, ní Ìbàdàn, àní ilẹ̀ lásán tí ẹ kò tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lé, wọ́n ń kà á sí owó. Iye tí yóò tà níbẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn a yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ìnáwó títà á, wọn a sì yọ gbèsè tó bá wà lórí ilé náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n: bí ó bá jẹ́ pé òbí yín tàbí ìbátan yín tímọ́tímọ́ tó ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tàbí tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́, ló ń gbé inú ilé náà gẹ́gẹ́ bí ibùgbé rẹ̀, òfin ní kí wọ́n má kà á. Bí ẹ bá sì ń tà á lọ́wọ́, tí ẹ̀rí rẹ̀ wà, wọ́n lè fún yín ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nítorí náà ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbàlagbà ń gbé ilé tó kọ́, kò ní ìdí láti fi í pamọ́. Kí ó sọ ọ́, kí ó sì sọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù yín, fíríìsà, àti ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó ẹrù kì í ṣe owó ìpamọ́ lójú òfin, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé òwò ni ẹ ń fi wọ́n ṣe. Ẹ ṣáà ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀.

ÀWỌN Ọ̀NÀ TÓ WÀ

Èyí tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ jù ni Right to Buy, ẹ̀tọ́ tí òfin 1980 fún ayálégbé káńsù láti ra ilé tó ń gbé ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá ti jẹ́ ayálégbé ìjọba fún ọdún mẹ́ta ló lè béèrè. Ní 2025 ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ fi kún un títí di ọdún 10, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù yín kí ẹ tó fi ọkàn sí i. Ẹ̀dínwó náà kò tún rí bí ti tẹ́lẹ̀. Títí di November 2024, ayálégbé ní London lè rí ẹ̀dínwó tó ju £100,000 lọ. Láti ọjọ́ 21 oṣù náà, £16,000 ni òpin rẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù ní London. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n òun ra tirẹ̀ ní ìdajì owó, kò parọ́, ṣùgbọ́n àná ni ìyẹn. Ní Scotland wọ́n ti fòpin sí i ní 2016, ní Wales ní 2019.

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ti dàgbà, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ti bá yín gbé ilé náà fún ọdún kan ó kéré tán, ó lè bá yín rà á pọ̀. Owó tí òun fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó jọ, tirẹ̀ ni; wọn kì í kà á mọ́ tiyín. Lójú tiwa, ọ̀nà yìí ló bá ọ̀pọ̀ nínú wa mu jù. Ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó bá ọmọ sọ̀rọ̀ ná, kí lọ́yà sì kọ ìpín kálukú sínú ìwé. Ọmọ yóò fẹ́ ìyàwó lọ́la.

Ọ̀nà kejì ni shared ownership: ẹ ra apá kan ilé, ẹ san owó ilé lórí ìyókù fún ẹgbẹ́ tó ni ín. Láàárín 25% sí 75% ni wọ́n máa ń rà, àwọn ilé tuntun mìíràn sì gba 10%. Àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó ń gba Universal Credit ni pé ìjọba lè ràn án lọ́wọ́ lórí owó ilé ti apá tí kò tíì rà. Irú rẹ̀ kan wà fún àwọn tó ní àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́, HOLD ni orúkọ rẹ̀. Òmíràn wà fún ẹni ọdún 55 sókè, ẹni tó bá sì ti ra 75% nínú ti àwọn àgbà yìí kò ní san owó ilé lórí ìyókù mọ́.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń gba Universal Credit, àpótí ìfowópamọ́ ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Help to Save. Ẹ lè fi tó £50 sí i lóṣù fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá fi £2,400 pamọ́ pé, ìjọba yóò fi £1,200 kún un. A kò mọ ibòmíràn tí owó ti ń pọ̀ báyẹn, a sì jẹ́wọ́ pé ẹgbẹ́ wa pàápàá kò lè san irú èrè bẹ́ẹ̀.

Ní ti báńkì, kálukú wọn ló ní ìlànà tirẹ̀. Àwọn kan ń ka PIP àti Child Benefit mọ́ owó tó ń wọlé, àwọn kan kò fẹ́ rí Universal Credit sójú. Báńkì kan lè lé yín, kí èkejì gbà yín, nítorí náà ó dára kí ẹ lo alágbàtà mọ́géèjì tó mọ̀ wọ́n dáadáa. Oníṣòwò ní ìṣòro kan sí i: ìwé owó orí ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹni tó kọ èrè kékeré fún àwọn onówó orí, èrè kékeré náà ni báńkì yóò rí. Bí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ ti mọ ẹni tí à ń bá wí.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn ayálégbé káńsù pé àwọn óò gbé gbogbo owó kalẹ̀ kí ẹ fi orúkọ yín ra ilé. Bí ẹ bá tà á láàárín ọdún kìíní, gbogbo ẹ̀dínwó ni ẹ óò dá padà. Ó ń dín kù lọ́dọọdún títí ọdún márùn-ún yóò fi pé. Káńsù púpọ̀ sì ń béèrè ibi tí owó ti wá.

LẸ́YÌN TÍ Ẹ BÁ TI RÀ Á

Ilé tí ẹ ń gbé fúnra yín kò sí lára owó tí wọ́n ń kà. Ọkàn yín balẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé tí Universal Credit ń bá yín san tẹ́lẹ̀ yóò dúró lọ́jọ́ tí ẹ kò jẹ́ ayálégbé mọ́. Wọn kì í san mọ́géèjì. Ohun tó kù ni Support for Mortgage Interest. Títí di April 2018, ọ̀fẹ́ ni. Láti ìgbà náà, ẹ̀yáwó ni, ó ń gun èlé, ilé náà ló sì dúró fún un, títí ẹ óò fi tà á tàbí tí ẹ óò fi gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba Universal Credit fún oṣù mẹ́ta gbáko kí ó tó bẹ̀rẹ̀, èlé mọ́géèjì nìkan ló sì ń san, kì í san ojú owó, kì í sì í ka ohun tó bá ju £200,000 lọ lára mọ́géèjì náà.

Fúláàtì tún ní tirẹ̀. Káńsù ṣì ni òrùlé, àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ tó ń gbé ni ròkè, bí wọ́n bá sì tún wọn ṣe, ìpín tiyín nínú owó náà yóò wá bá yín, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Ìwé tí káńsù fi ń sọ iye tí wọn óò ta ilé fún yín gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń retí láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ ka ojú ewé náà tàbí kí ẹ wá ẹni tí yóò bá yín kà á. Bọ́ílà yín tó bá kú nínú yìnyín, ẹ̀yin náà ni káńsù báyìí.

Nítorí náà, ẹni tí ìjọba ń san gbogbo owó ilé rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dúró sójú kan, a kò ní sọ fún un pé kí ó sáré. Kì í ṣe ìtìjú láti jẹ́ ayálégbé káńsù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró, tí owó ìjọba rẹ̀ kàn jẹ́ àfikún, tí ó sì lè san mọ́géèjì náà bí wọ́n bá dá àfikún ọ̀hún dúró lọ́la, òun ni kí ó wá bá wa jókòó.

Láti oṣù tó ń bọ̀, akápò yóò máa kọ iye tí kálukú ní lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ sínú ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ báńkì, lọ́yà tàbí ọ́fíìsì Universal Credit. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú káàdì yín dání, ẹ sì dé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, nítorí lẹ́yìn ìpàdé ariwo ọjà ló máa ń gba ibẹ̀.