Ìṣirò Ooru Èédú

Ní Àkúrẹ́, níbi tí a dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ sílẹ̀ ní 1981, àti ní Oǹdó, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, ìṣirò móòlù a máa ba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ iná èédú abẹ́ ìkòkò tó láti là á yé e.

Orúkọ iye ni móòlù. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Móòlù kan jẹ́ 6.02 × 10²³. Móòlù carbon kan wọn gíráàmù 12. Bí ó bá jó tán nínú afẹ́fẹ́ tí ó tó, kílójúùlù 394 ni ooru rẹ̀.

Èédú mélòó ni yóò mú lítà omi kan kúrò ní ìwọ̀n ooru 25 dé 100? Ká ní carbon nìkan ni èédú, tí ooru kò sì ṣòfò:

1,000 × 4.18 × 75 = júùlù 313,500, èyí ni kílójúùlù 313.5.
313.5 ÷ 394 = móòlù 0.796.
0.796 × 12 = gíráàmù 9.55.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni láti gbàgbé ìlà kẹta, kí a sì pe móòlù ní gíráàmù.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, carbon monoxide ni yóò jáde, ooru móòlù kan kò sì ní ju kílójúùlù 111 lọ. Kílójúùlù 283 tí ó kù wà nínú gáàsì náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ó ń pani. Ìdí nìyí tí a kì í fi í gbé èédú tí ń jó wọ yàrá tí a tì pa. Olùkọ́ tí ó bá fi ìyọkúrò yìí yé ọmọ, ó ti kọ́ ọ bí a ti ń ṣọ́ ẹ̀mí.