Òǹtẹ̀ Lórí Òǹtẹ̀

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ń wá iṣẹ́ lọ sí òkèèrè. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ó ń wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó ẹnu. Ìyà tí ń jẹ wọ́n lórí ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó lọ ni a fẹ́ mẹ́nu bà.

Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà tí a bá fẹ́ lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní láti kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀. Lẹ́yìn náà ni Iléeṣẹ́ Ọ̀ràn Òkèèrè yóò fi tirẹ̀ sí i, kí aṣojú orílẹ̀-èdè tí à ń lọ tó tún lu tirẹ̀ lé e. Owó ní ibí, owó ní ọ̀hún. Àwọn alárinà sì ń jẹ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, ọdún 1961, nígbà tí òmìnira wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, ni a ṣe àdéhùn kan ní ìlú Hague láti mú ìnira yìí kúrò. Ìwé onígun mẹ́rin kan, tí à ń pè ní apostille, ni ìjọba tí ó ni ìwé ẹ̀rí yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó parí, kò kan aṣojú kankan mọ́. Gúúsù Áfíríkà wọ àdéhùn náà ní 1995, Bràsíìlì ní 2016, Ṣáínà ní 2023. Nígbà tí Kánádà wọlé ní 2024, a wá orúkọ Nàìjíríà níbẹ̀ títí, a kò rí i.

Àwọn kan yóò ní ayédèrú ìwé ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ó dun ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Síbẹ̀, apostille kò jẹ́rìí sí ohun tí ó wà nínú ìwé. Ìfọwọ́sí, ipò ẹni tí ó fọwọ́ sí i, àti òǹtẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ́rìí sí. Ọ̀rọ̀ ayédèrú di ti ilé-ẹ̀kọ́ àti àjọ ìdánwò tí ó kọ ìwé náà. Lóòótọ́, orílẹ̀-èdè tí ó ti wà nínú àdéhùn lè kọ ẹni tuntun láàárín oṣù mẹ́fà. Jámánì kọ Íńdíà ní 2005. Àwọn mìíràn ṣáà gba ìwé Íńdíà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ bi àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún léèrè: kí ni ó dí ìjọba lọ́wọ́ láti fi ìwé ìwọlé ránṣẹ́ sí ìjọba Họ́láńdì, tí ń tọ́jú àdéhùn náà?