Àgbá Oko Kòkó àti Omi Ẹja: Ike Tó Yẹ Fún Ọlọ́sìn Ẹja ní Ìkirè àti Àpòmù

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé ní oṣù kọkànlá, omi kànga a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ní Ìkirè àti Àpòmù. Àsìkò yìí ni àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé máa ń wá ohun tí wọn yóò fi pọnmi pamọ́: kẹ́ẹ̀gì òróró, àgbá aláwọ̀ búlúù, táǹkì dúdú. Oṣù kan péré ṣáájú ìgbà náà, irú àgbá àti kẹ́ẹ̀gì kan náà ṣì lè wà lóko kòkó, kó jẹ́ pé oògùn ni wọ́n ń pò nínú wọn. Ìparí oògùn fífín lóko kòkó ló bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìpọnmi-pamọ́, ẹja ló sì máa ń fara gbá a.

Ìkirè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni ti Ìṣọ̀kan, ilẹ̀ kòkó sì ni méjèèjì. Lásìkò òjò, àrùn kan máa ń mú kí èso kòkó dúdú, kó sì jẹrà lórí igi. Oògùn tó ní bàbà nínú ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń fín in. Wọ́n á pọnmi sínú àgbá, wọ́n á da oògùn lé e, wọ́n á máa bù ú sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Díẹ̀ nínú bàbà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ènìyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀tá ẹja ni. Kò dìgbà tó bá pé mílígíráàmù kan nínú lítà omi kan kó tó ba ohun tí ẹja fi ń mí jẹ́, pàápàá nínú omi òjò, tí kò ní èròjà ilẹ̀ tí ìbá dín agbára bàbà kù.

Ti oògùn kòkòrò tún burú ju ti bàbà lọ. Ẹni tó bá rántí Gammalin 20 kò nílò àlàyé púpọ̀: oògùn kòkó ni, lindane ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà kan rí, àwọn kan ní Nàìjíríà àti Gánà máa ń dà á sódò láti fi pa ẹja tà. Ní ọdún 2009 ni wọ́n fi lindane kún àwọn oògùn tí Àdéhùn Stockholm fẹ́ kí gbogbo ayé pa tì. Irú àwọn oògùn olómi bẹ́ẹ̀ a máa wọnú ara ike. Ènìyàn lè fọ̀ ọ́ títí kó máa dán, kí omi tó wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣì fa oògùn jáde padà. Ike tó bá ti gbé oògùn oko, kẹrosíìnì tàbí epo ọkọ̀ kò tún ní ìwẹ̀nùmọ́ kankan fún omi ẹja.

Àwọn kan gbà pé nọ́ńbà tó wà nínú igun mẹ́ta nídìí ike ti parí ọ̀rọ̀. Láti ọdún 1988 ni àwọn oníṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà ti gbé nọ́ńbà 1 sí 7 kalẹ̀, kí ó lè rọrùn láti ṣa ike tí wọ́n fẹ́ yọ́ ṣe òmíràn. Nọ́ńbà 2, tó jẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì òróró àti àgbá búlúù, àti 5, tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ abọ́ ilé ìdáná, ló dára jù fún omi ẹja. Nọ́ńbà 1 ni ti ìgò omi àti ti mínírà. Kò burú fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ kò lágbára. Kí ènìyàn yẹra fún 3 tó bá rọ̀ bí ọ̀rá. Nọ́ńbà ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe ike ni o, kò lè sọ ohun tí wọ́n ti rọ sínú rẹ̀. Àmì ife àti fọ́ọ̀kì sàn díẹ̀, nítorí ó fi hàn pé wọ́n ṣe ike náà fún oúnjẹ, síbẹ̀ kò sí ohun tó ní kí ẹni tó rà á má fi po oògùn.

Ní Ìkirè, ibi tí èrò ọkọ̀ ti ń ra dòdò Ìkirè, àwọn tó ń dín dòdò kì í ṣe aláìní kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí epo pupa tàbí òróró nìkan ti wọ̀ ni àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọlọ́sìn ẹja béèrè. Kìkì pé epo tó bá ṣẹ́kù a máa léfòó bo ojú omi, tí atẹ́gùn kò fi ní ráàyè wọlé dáadáa. Omi gbígbóná àti eérú ló ń bá a jà. Kí ó má ṣe jẹ́ ọṣẹ Omo, nítorí ìfófòó ọṣẹ pẹ̀lú ń pa ẹja. Bí a bá ti fi eérú fọ̀ ọ́, kí a fi omi púpọ̀ ṣan án títí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́.

Àgbá búlúù gba ìfura ju kẹ́ẹ̀gì lọ. Lítà 200 sí 220 ni ó máa ń gbà, kẹ́míkà iléeṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ sì kọ́kọ́ gbé dé Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì funfun lítà 1,000 tí wọ́n fi irin ká. Àpòmù ti jẹ́ ìlú ọjà láti ìgbà tí Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Òwu àti Ọ̀yọ́ ti ń pàdé níbẹ̀, ṣáájú ogun Òwu, nítorí náà kò sí ohun ìtìjú nínú kí ènìyàn bi ẹlẹ́rù: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wà nínú àgbá yìí tẹ́lẹ̀?” Bí ẹlẹ́rù bá ní “Ọṣẹ ni,” tàbí “Mi ò mọ̀,” kí oníbàárà máa bá tiẹ̀ lọ. Kí ó tún wò ó bóyá àmì orí egungun wà lára rẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti bó ìwé kan kúrò. Ìwé tí wọ́n bó yẹn gan-an ló yẹ kó kọ ènìyàn lóminú.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kí ó rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ike, kí ó dé e pa mọ́jú, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀. Bí kò bá rùn, kí ó da ọmọ ẹja mélòó kan sínú omi náà fún ọjọ́ kan sí méjì kó tó rọ ọ́ sórí gbogbo ẹja. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó ń pa ẹyin ẹja. Ẹyin ẹja àrọ̀ máa ń pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan bí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́, inú ẹyin tó kù lára ọmọ náà ló sì ń jẹ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Oògùn tí àgbà ẹja lè fara dà lè pa gbogbo wọn ní òru kan.

Ohun tó kù kéré. Táǹkì dúdú sàn ju funfun lọ, nítorí ìtànṣán oòrùn kò ní wọlé mú kí omi di aláwọ̀ ewé. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine nílò kí ó gba atẹ́gùn fún ọjọ́ kan, láìdé e pa. Omi tó ti orí páànù tuntun ṣàn wá lè gbé zinc, tí ẹja kò fẹ́. Kí a jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé kí a tó gbe. Ẹni tó bá sì ní oko kòkó àti ẹja lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó fi ọ̀dà pupa kọ “OKO” gàdàgbà sára àgbá oògùn, kí ó sì jẹ́ kí ó máa sùn lóko.